Rédíétọ̀ Tuntun, Ẹ́ńjìnnì Jóná: Ta Ló Jẹ̀bi?

Ojú ìwé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tún dé, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ mọ́tò bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ akérò kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé òun ló fi ń jẹun, mọ̀ pé n kò purọ́. Ọmọ ni ọkọ̀. Tó bá ṣàìsàn, olówó rẹ̀ kò ní sùn.

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tó dùn mí dé akínyẹmí ara. Màmá kan tó ń ta láfún àti gàrí ní ọjà Kútọ̀ ló kọ ọ́. N kò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹbí. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí:

“Ọ̀gá onímọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Owó àjọ ọdún méjì ni mo fi ra bọ́ọ̀sì tókúnbọ̀ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń wà á. Lóṣù tó kọjá, rédíétọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mẹkáníìkì ní ká pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá, òun àti àwọn hóòsì rẹ̀. Mo wá owó, mo fún un. Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà, ẹrù wa ti wà nílẹ̀, mo bá sọ fún un pé kó ṣe é kíákíá. Ó rọ omi kún un dé ẹnu, ó dé e, ó ní ó ti parí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ yìí kó èrò àti ẹrù, ó forí lé Èkó. Kò tíì kọjá Ìfọ̀ tí ọkọ̀ fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì sì ti wọ́. Mẹkáníìkì ní dírẹ́bà kò wo omi. Dírẹ́bà ní òun ń wo gééjì, kò sì fi hàn pé ọkọ̀ gbóná. Ọkọ mi ní kí n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ bá mi dá a: ta ló jẹ̀bi?”

Háà! Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrònú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rò pé ó jókòó sínú ẹ́ńjìnnì yín. Afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta epo pupa ni yóò kọ́kọ́ yé. Tẹ́ ẹ bá ń fi àrọ rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, tẹ́ ẹ rọ ọ́ kíákíá, ṣé ẹ mọ̀ pé epo á ru dé ẹnu, ẹ óò rò pé ó ti kún? Ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, kó mí gbúlọ́gbúlọ́, ẹ óò rí i pé epo ti lọ sílẹ̀, ààyè ti yọ. Afẹ́fẹ́ tó há sísàlẹ̀ ló ti gòkè jáde. Oníbàárà tó gbọ́n kì í sanwó kí epo tó fara balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀.

Omi ọkọ̀ kì í jókòó sójú kan. Inú ẹ́ńjìnnì ló ti ń gba ooru; wọ́tà pọ́m̀bù á tì í gba hóòsì òkè lọ sínú rédíétọ̀; atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á tutù; á tún gba hóòsì ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Lójú ọ̀nà yìí, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní tẹmósítáàtì. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ilẹ̀kùn yìí á tì pa. Ó di ìgbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bíi digírì 82 sí 88 kó tó ṣí nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wa.

Ẹ wá wò ó. Mẹkáníìkì tú omi àtijọ́ dànù, ó so rédíétọ̀ tuntun, ó ń rọ omi. Ẹ́ńjìnnì tutù, ilẹ̀kùn tì. Rédíétọ̀ kún dé ẹnu lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Bọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ àga dírẹ́bà ló tún le jù, torí hóòsì rẹ̀ gùn, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ á sá lọ sí ibi tó ga jù, á sì sùn síbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wá gbóná lójú títì, ilẹ̀kùn á ṣí, omi inú rédíétọ̀ á ya wọ inú ẹ́ńjìnnì, rédíétọ̀ tẹ́ ẹ rò pé ó kún á sì lọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ìdérí ti wà lórí rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì dúró sí nínú ẹ́ńjìnnì, irin ibẹ̀ á máa gbóná láìsí omi tí yóò tù ú. Irin tó bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ á wọ́. Ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti ń jó nìyẹn.

Ní ti gééjì tí ọmọ yìí ní òun ń wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtítọ́ ló sọ. Nǹkan kékeré tó ń wọn ooru fún gééjì, inú omi ló gbọ́dọ̀ wà. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló yí i ká, ó lè máa sọ fún dírẹ́bà pé “àlàáfíà ni” nígbà tí ilé ti ń jó. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ fi èyí sọ́kàn: tí gééjì bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tó ń gun jáńgírọ́fà, tàbí tó já wálẹ̀ lójijì nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè, ẹ má yọ̀ o. Ẹ wá ibi dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan á sọ pé, “Láyé tiwa, ta ló ń yọ afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀?” Òótọ́ ni, bàbá, pàápàá tó bá jẹ́ Ìjàpá lẹ gùn. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, lọ́dún 1975, kò ní rédíétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú dáńfó Volkswagen ayé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná lọ́dún 1975 kan náà, omi ló ń mu. Tókúnbọ̀ tó kún ìgboro lónìí náà, omi ni wọ́n ń mu. Ẹ ò rí ayé: afẹ́fẹ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ìjàpá ló wá di ọ̀tá bọ́ọ̀sì Màmá!

Kẹ́ ẹ sì má sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ omi ọkọ̀, ẹ̀yin ìyá wa. Obìnrin ló kọ́kọ́ wa mọ́tò rin ìrìn-àjò gígùn. Lóṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz, ìyàwó Karl Benz ti ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe mọ́tò, gbé ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣe láì sọ fún un. Òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì gbéra láti Mannheim, wọ́n lọ sí Pforzheim, ìrìn tó ju 100 kìlómítà lọ. Ìyẹn ju Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn lọ! Ọkọ̀ ọjọ́ náà kò ní rédíétọ̀ bíi tiwa. Ṣe ni omi rẹ̀ ń họ́ dànù. Ní gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń dúró bu omi sí i. Màmá Benz mọ iye ìgbà tí ọkọ̀ òun ń mumi. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Ẹ gé ibí yìí kúrò nínú ìwé ìròyìn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì yín. Ẹ má jẹ́ kó bínú o, ẹ ní èmi ni mo kí i.

Èkíní: kí ọkọ̀ tutù pátápátá. Kí wọ́n gbé e sí ibi tí imú rẹ̀ á ti ga díẹ̀, kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju ẹ́ńjìnnì lọ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Kí wọ́n fi òkúta dí táyà rẹ̀ dáadáa. Ṣé òkè ló wọ́n wa ní Abẹ́òkúta ni, àbí òkúta?

Èkejì: kí wọ́n rọ omi náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ní bóòtù kékeré kan lórí hóòsì tàbí lára ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ṣe fún yíyọ afẹ́fẹ́. Kí wọ́n tú u díẹ̀. Á kọ́kọ́ máa fẹ́ fùù, á máa yọ ìfóófòó. Tó bá ti di omi lásán ló ń jáde, kí wọ́n dè é padà.

Ẹ̀kẹta: tí ọkọ̀ bá ní hítà, kí wọ́n yí i sí ibi tó gbóná jù. Mo mọ̀, ẹ óò ní, “Nínú ooru yìí?” Kì í ṣe tìtorí pé òtútù ń mú yín. Omi ọkọ̀ náà ló ń wọ inú hítà. Tí wọn ò bá ṣí i, afẹ́fẹ́ lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí wọ́n sọ ọkọ̀ náà nígbà tó ṣì tutù, kí ìdérí rédíétọ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, kí ẹ́ńjìnnì máa rọra ṣiṣẹ́. Kí wọ́n máa fi ọwọ́ fún hóòsì òkè kó tó gbóná. Ìfóófòó á máa yọ lẹ́nu rédíétọ̀: afẹ́fẹ́ ló ń jáde yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ojú lé e o, torí omi gbígbóná lè ta jáde. Tó bá tó ìṣẹ́jú bíi 15 tàbí 20, hóòsì òkè á gbóná lójijì. Ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn, omi á sì lọ sílẹ̀. Kí wọ́n rọra bu sí i. Tó bá jẹ́ fáànù oníná ni, kí wọ́n dúró títí yóò fi fẹ́ tí yóò sì dáwọ́ dúró. Tí ìfóófòó bá ti tán, kí wọ́n dé e.

Ẹ̀karùn-ún: ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Ilà méjì wà lára rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Àárín ilà méjèèjì ni omi gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Ẹ má kún un dé ẹnu! Ẹni tó ń se ògì kì í kún ìkòkò dé ẹnu, torí ó mọ̀ pé yóò ru. Omi gbígbóná ń fẹ̀. Tí kò bá ní ààyè, á dà sílẹ̀, ẹ óò máa wá ibi tó ń jò kiri. Ọkọ̀ mìíràn wà tí rédíétọ̀ rẹ̀ kò ní ẹnu, ike yìí nìkan ni wọ́n ń bu omi sí. Ilà yẹn náà ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ẹ̀kẹfà, tí gbogbo wọn máa ń fò: kí wọ́n pa ọkọ̀, kó tutù délẹ̀délẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, kó sùn mọ́jú. Láàárọ̀, kí wọ́n ṣí i wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé omi á ti dín. Kí wọ́n bu sí i. Kí dírẹ́bà sì máa ṣí i wò láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó tó gbéra.

Ọgbọ́n ọjà kan tún wà. Ẹ bi mẹkáníìkì pé, “Lítà mélòó ni ọkọ̀ yìí ń gbà?” Ìwé ọkọ̀ máa ń sọ ọ́. Ẹ wọn omi tó ń wọlé bí ẹ ṣe ń wọn gàrí. Ká ní lítà 8 ló ń gbà, tí wọ́n sì ti tú ti tẹ́lẹ̀ dànù tán, tó wá jẹ́ lítà 5 péré ló wọlé tí wọ́n ní ó ti kún, kí ló wà níbi lítà 3 yòókù? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọn ò lè rẹ́ jẹ nídìí kóńgò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ yín jẹ nídìí rédíétọ̀.

Irú omi wo ni ká bu? Omi kànga àti omi odò ní nǹkan nínú tó ń di ìpẹ́pẹ́ tó sì ń mú irin dípẹtà. Wọ́n á dí ojú rédíétọ̀ tuntun yín. Kúláǹtì ló dára jù. Ó ń dènà ìpẹtà, kì í sì í tètè hó bí omi lásán. Àwọn kan wà tí wọ́n ti pò tán. Àwọn kan wà tí ẹ óò fi omi tí wọ́n sè di oruku tí wọ́n sì gbà padà, irú èyí tí wọ́n ń bu sí bátìrì, lú ní ìlàjì-ìlàjì. Ẹ ka ara ike rẹ̀. Ẹ má pò oríṣi méjì pọ̀. Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan ra á. Ẹ̀yin aládìrẹ Ìtòkú mọ̀ pé omi aláwọ̀ ewé kì í ṣòro í ṣe.

Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé, ewúrẹ́ àti ajá o. Kẹ́míkà tó wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀ dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n májèlé ni, kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Kẹ́míkà kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ló wọ inú oògùn eyín ọmọdé kan ní orílẹ̀-èdè wa lọ́dún 2008, ọmọ tó lé ní 80 ló sì bá a lọ. Ẹ má fi ike kúláǹtì bu omi mu láéláé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí n kò gbọdọ̀ gbé mì. Ọwọ́ òsì mi tí mo fi ń di ìwé mú bí mo ti ń kọ èyí, àpá wà lára rẹ̀. Ọ̀nà Ṣágámù ni mo ti gbà á, nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi gbóná ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ọkọ̀ họ́, èrò ń pariwo, mo bá fi àkísà ṣí rédíétọ̀. Omi inú rédíétọ̀ tí wọ́n dé pa lè gbóná kọjá digírì 100 láì hó, torí ìdérí ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní kété tẹ́ ẹ bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò sókè. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ dúró títí ẹ óò fi lè gbé ọwọ́ lé hóòsì láì jó yín. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ó lè sán. Tí omi bá jó ènìyàn, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ọwọ́ náà sí fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ti Ìjàyè, ìbáà jẹ́ ti Ìdí-Àba.

Ó kù sí ìdájọ́. Màmá, ẹ gbọ́.

Mẹkáníìkì ló gbé ẹjọ́ tó tóbi jù, torí iṣẹ́ tí kò parí ló ní ó ti parí. Rírọ omi dé ẹnu, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ó yẹ kó ṣe àtúnṣe náà láì gba owó iṣẹ́, kí ẹ̀yin ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó dè é, ẹ ní kí wọ́n gbé hẹ́ẹ̀dì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, kí wọ́n wò ó bóyá ó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti ń họ́ ní gbogbo ìgbà tí rédíétọ̀ àtijọ́ ń jò, gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti fara pa ṣáájú, ẹ má sì di gbogbo rẹ̀ rù ú.

Dírẹ́bà jẹ̀bi díẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ó yẹ kó ṣí i wò láàárọ̀. Ẹ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń wo gééjì kì í ṣe ọmọ burúkú. Gééjì ló tàn án.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ ní kó ṣe é kíákíá. Iṣẹ́ tó yẹ kó sùn mọ́jú, ọjọ́ ọjà kò jẹ́ kó sùn. Ọjà kan tẹ́ ẹ sá fún pípàdánù ló kó owó àjọ ọdún méjì sínú ewu. Ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi pàápàá ti ṣe é rí, ẹ wo ọwọ́ mi.

Ẹ dìde lónìí, kẹ́ ẹ lọ sílé ẹ̀gbọ́n yín. Àáró ni Lísàbi fi kó Ẹ̀gbá jọ: kálukú gbé ti ẹnìkejì rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń fẹ́ àáró: kí olówó rẹ̀ fún un ní àkókò, kí mẹkáníìkì parí iṣẹ́, kí dírẹ́bà máa wo omi.

Lẹ́tà kúkúrú méjì rèé:

Kápẹ́ńtà kan ní Láfẹ́nwá ní omi ọkọ̀ òun ń dín láràárọ̀, kò sì jò sílẹ̀. Arákùnrin, ẹ wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Tó bá funfun bí ògì, tàbí tí èéfín funfun ń yọ lẹ́yìn ọkọ̀ tí kò dáwọ́ dúró, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ má wà á mọ́, ẹ pe mẹkáníìkì.

Dírẹ́bà kan ní Ọ̀dẹ̀dá ní mẹkáníìkì yọ tẹmósítáàtì òun jù nù, ó ní kò wúlò ní ilẹ̀ olóoru. Ó wúlò o! Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, á máa mu epo jù, á sì máa jẹ ara rẹ̀. Ẹ ra tuntun, kí wọ́n fi sí i. Tí wọ́n bá sì fi sí i tán, ẹ mọ ohun tó kàn: ẹ yọ afẹ́fẹ́.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa kọ̀wé sí mi. Ọkọ̀ wa kò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́ o. Àṣẹ.